Ojú Ewé Tí Oorun Ti Gbé Wọn

Ọmọ ọmọ mi tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún yìí ló bi mí ní ìbéèrè kan níjọ́sí. Ó ní, "Mọ́mì àgbà, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ti ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Èyí ní nọ́ọ̀sì lòun, tọ̀hún ní kọ̀ǹpútà lòun. Ẹ̀yin nkọ́, kí lẹ ṣe gan-an ní gbogbo ọdún yẹn? Ṣebí ìwé lẹ kàn jókòó tì?" Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo ní ìwé tí mo jókòó tì yẹn ló rán màmá rẹ níléèwé. Nígbà tí ara mi rọ̀, mo rí i pé ọmọ náà kò bú mi, kò mọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín náà ò mọ̀. Ìdí rèé tí mo fi mú bírò, kí n lè sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá ohun tí ẹ máa fi ayé yín ṣe. Bí ó bá gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Ẹni tó ti ń sọ fáwọn èèyàn láti ìgbà èwe rẹ̀ pé kí wọ́n dákẹ́, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán, àbúrò bàbá mi gbọ́ pé ilé ìkàwé ìjọba kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń wá òṣìṣẹ́. Láìbúrérì ni gbogbo ayé ń pè é, èmi náà ò sì ní í pè é ní nǹkan mìíràn níbí. Mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí, mo di ẹrù, mo wọ ọkọ̀. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà náà, kò sì tó nǹkan títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ kọjá.

Ẹni tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá Oyèdèjì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn náà, mo sì ti ń dá ara mi nínú dùn pé ará ilé kan náà á fojú àánú wò mí. Ọjọ́ kìíní ni mo gbọ́n. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, ṣẹ́ẹ̀tì funfun alápá péńpé ni wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́ ayé, wọn ò sì jẹ́ pariwo. Bí inú bá ń bí wọn, ṣe ni ohùn wọn á tún lọ sílẹ̀ sí i, tí ìwọ tí wọ́n ń bá wí á fi máa na ọrùn kí o lè gbọ́ èébú ara rẹ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bá mi sọ ni pé, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti fọwọ́?" Mo rò pé wọ́n fẹ́ fún mi lóúnjẹ ni. Akísà ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi nu eruku ìwé. Bí mo bá to ẹyọ ìwé kan lódì lórí pẹpẹ, Ọ̀gá ò ní í sọ èyí tó lódì fún mi. Gbogbo ìwé orí pẹpẹ náà ni wọ́n á kó sílẹ̀, wọ́n á ní, "Tún un tò," wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Mo sunkún, mo bú wọn nínú ikùn mi, mo kọ lẹ́tà sílé pé mò ń bọ̀. Ìyá mi fèsì pé kí n máa bọ̀ o, pé oko ẹ̀gẹ́ ń dúró dè mí. Mo gbé akísà mi padà.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú mi là sí ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Tábìlì kékeré kan wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, àga méjì dojú kọ ara wọn níbẹ̀. Ọ̀gá a jókòó sórí ọ̀kan, ẹni tó bá wá gba ìwé a jókòó sórí èkejì. Wọn kì í béèrè ìwé tí èèyàn ń fẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ti mọ èyí tó ń fẹ́ lè lọ mú un fúnra rẹ̀. Ìbéèrè wọn ni pé, "Kí lẹ ti ń ṣe láti àárọ̀?" Ẹni náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun lọ sóko, èpò pọ̀, tàbí pé ìyàwó òun ò tíì bá òun sọ̀rọ̀ láti ìjẹta. Ọ̀gá á tẹ́tí títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á dìde, wọ́n á lọ mú ìwé kan wá, ẹyọ kan ṣoṣo.

Bí ẹni náà bá dá ìwé padà, ìbéèrè mìíràn tún ń dúró dè é. Ẹ ò ní í gbọ́ kí Ọ̀gá béèrè bóyá ìwé náà dùn. "Ojú ewé wo loorun ti gbé yín?" ni wọ́n máa ń bi í. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́, àfi ìgbà tí wọ́n là mí lóye. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, o mọ Yorùbá. Bí o bá fún un ní nǹkan tí kò dùn, kò ní í sọ ọ́ lójú rẹ. Á ní ó dáa gan-an, ẹ ṣeun sà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí oorun ń tì lójú." Bí oorun bá gbé èèyàn lójú ewé karùn-ún, ìwé yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá ka ìwé dé ìdajì kí oorun tó dé, wọ́n á wá nǹkan tó jọ ọ́ fún un. Ẹni tó bá wá sọ pé, "Oorun ò gbé mi rárá, sà," òun nìkan ni Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín sí. Wọ́n á fa bírò pupa yọ, wọ́n á sì kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀: oorun ò gbé e.

Káàdì yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Gbogbo ẹni tó ń gba ìwé lọ́dọ̀ wa ló ní tirẹ̀ nínú àpótí onígi kan: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ìwé tó ti kà, ojú ewé tí oorun ti gbé e, àti èyí tó yẹ ká fún un tẹ̀ lé e. Bí káàdì ẹnìkan bá kún, a máa ń lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn nídìí. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ti inú ìgò. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni mo máa ń sè, Ọ̀gá sì ti kìlọ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí n máa fi omi ewé dóńgóyárò sè é kí ó lè korò, kí aáyán àti èkúté má bàa fi ṣe oúnjẹ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ dóńgóyárò yìí sọ́kàn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé nígbà náà, kí Ọ̀gá sọ pé kí n jókòó sórí àga tiwọn, kí n dá ìwé mú fún èèyàn. Wọn ò gbà. Wọ́n ní ẹni tí yóò fi ìwé sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ ti ka ìwé náà délẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Ọ̀gá jáde, aránṣọ kan wọlé, ìtòsí Ọjà Igbó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Rìsí ni oyún tó wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kúkú máa pè é ní Ìyá Rìsí. Mo sáré jókòó. Mo bi í léèrè ohun tó ti ń ṣe láti àárọ̀, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ọkọ òun ò sí nílé. Mo mú ìwé ìfẹ́ kan fún un tí mo ti kà dé ìdajì, dídùn rẹ̀ ò kéré. Èmi ò mọ̀ pé ní ìparí rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó inú ìtàn náà kú sí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Ìyá Rìsí dé, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì bí ẹni gbé ejò. "Àǹtí, kí ni mo fi ṣe yín? Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?" Ọ̀gá wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n sìn ín dé títì. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ìwé tí o ò kà tán, ọbẹ̀ tí o ò tọ́ wò ni. O gbé e fún aboyún." Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti dìde lórí àga tiwọn, wọ́n á yí i kọjú sí ogiri, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn títí àwọn á fi sọ̀rọ̀. Ìyá Rìsí bímọ láyọ̀, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi bọ̀rọ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ju ìyẹn lọ. Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá kú ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì lọ sìnkú rẹ̀. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àti àpótí káàdì lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ ni ìjì jà lọ́sàn-án gangan, ó ká páànù mẹ́ta kúrò lórí ilé, òjò sì rọ́ wọlé. Èmi àti ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọgbà ni a ń kó ìwé sá kiri. Nígbà tí òjò máa fi dá, àpótí káàdì ti mumi yó. Mo ṣí i, gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ ìjẹta.

Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn láìbúrérì wa. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń sá gbódó tí wọ́n fi ń ṣe èlùbọ́. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ohun tó bá tutù, àpáta ni oògùn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí oòrùn yọ, mo kó àwọn káàdì náà lọ síbẹ̀, mo tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé wọn. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi. Mo wọlé lọ láti máa ya ìwé tó tutù sọ́tọ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé àwọn obìnrin tó ń sá gbódó kì í fi àpáta yẹn sílẹ̀ láìsí ẹnìkan tó mú pàṣán dání. Bí èèyàn ṣe mọ àpáta náà sí ibi tí nǹkan ti ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ àdúgbò mọ̀ ọ́n sí ibi tí oúnjẹ wà. Nígbà tí mo jáde, wọ́n lé ní mẹ́wàá lórí rẹ̀. Òbúkọ kan gbójú sókè wò mí, bébà funfun sì ń yọ létí ẹnu rẹ̀ tó ń mì lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo kígbe, mo ju bàtà, mo ṣubú, àpáta sì bó mi lórúnkún. Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ ń jẹ, ó ń relé. Òótọ́ ni. Wọ́n jẹ, wọ́n relé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe gbogbo káàdì ni wọ́n jẹ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀, tí káàdì wọn jẹ́ ẹyọ kan, ewúrẹ́ kàn gbóòórùn wọn ni. Àwọn tó kàwé jù, tí a ti lẹ bébà mọ́ káàdì wọn lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọn ni ewúrẹ́ jẹ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni sítáàṣì pọ̀ sí. Mo mọ̀ nínú ara mi pé ó ti tó ọdún méjì tí mo ti fi omi dóńgóyárò sí gọ́ọ̀mù kẹ́yìn. Ìdí tí mo fi yọ ọ́ kúrò ni pé kíkorò rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀kọ tí mo bá jẹ lọ́sàn-án á sì máa korò. Nítorí ẹ̀kọ mi, mo fi iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ti ọ̀gá mi bọ́ ẹran.

N kò lè dá kojú Ọ̀gá. Bí ọ̀ràn bá rí báyìí, ẹlẹ́bẹ̀ là á wá, mo sì gba ilé Alfa Sàlíù lọ. Alfa yìí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, kò sì sí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní láìbúrérì wa tí wọn ò tíì kà. Abẹ́ agbádá ni wọ́n máa ń gbé ìwé náà sí kí àwọn ọmọ kéwú má bàa rí i. Mo kúnlẹ̀, mo rojọ́. Ojú Alfa le.

"Káàdì tèmi nkọ́?"

"Ẹ má bínú, Alfa. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ."

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán?"

"Tán pátápátá, sà."

"Alihamudulilaahi!" Alfa dìde, wọ́n gbé fìlà dé. "Jẹ́ ká lọ. Màá bá ọ bẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Wọ́n sì bẹ Ọ̀gá lóòótọ́. Àárọ̀ tí Ọ̀gá ti Ọ̀yọ́ dé ni, eruku ọ̀nà ṣì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Alfa sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní èèyàn kì í bá ẹran ṣẹjọ́, wọ́n ní kádàrá ni. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀gá ń wo àpótí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo náà. Nígbà tí Alfa dákẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ọ̀gá bi mí. "Gọ́ọ̀mù tí o fi lẹ̀ wọ́n, ṣé dóńgóyárò wà níbẹ̀?"

Bóyá dóńgóyárò ì bá lé ewúrẹ́ sá, bóyá kò ní í lé e, títí dòní n kò mọ̀. Mo lè pa irọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi òbúkọ yẹn. Mo ní, "Rárá, sà. Ó ti pẹ́ tí n kò ti fi sí i."

Ọ̀gá ní, "Máa lọ sílé."

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mo lọ di ẹrù mi, omi ojú ò jẹ́ kí n rí okùn tí mò ń so. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti dá kọ́kọ́rọ́ padà, ìdì káàdì tuntun kan àti bírò méjì wà lórí tábìlì, dúdú àti pupa. Ọ̀gá ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ewúrẹ́ jẹ bébà, kò jẹ èèyàn. Lọ bá wọn nílé wọn, kí o bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ti kà àti ibi tí oorun ti gbé wọn. Má padà wá títí wọ́n á fi pé."

Bí mo ṣe di aláàkiri nìyẹn. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo fi ń ti ilé bọ́ sí ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà mìíràn lórí ọ̀kadà, nígbà púpọ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, kò sí yunifásítì tó ní in. Mo bá Bàbá Ògúndìran ní ilé àgbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ tó jẹ́ pé ìwé nípa òkun nìkan ló ń kà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n fi ẹmú yí ẹyin iná padà, wọ́n ní, "Iná ni mò ń wò láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ mi. N kò rí òkun rí, n kò sì ní í rí i. Ṣùgbọ́n ara máa ń tù mí tí mo bá kà á." Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí káàdì, n kò kọ orúkọ ìwé nìkan mọ́. Alfa Sàlíù ló ní kí n kọ pé ìwé ìtàn àwọn ànábì ni àwọn ń kà. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ òótọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ilé tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù ni mo fi ṣe ìkẹyìn, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù Ìyá Rìsí. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì, Rìsí ń ṣeré lábẹ́ tábìlì, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ jókòó yí i ká. Mo kí i, mo bi í nípa àwọn ìwé tó kà, ó ń wa máṣíìnì rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó dá máṣíìnì dúró. Ó ní, "Àǹtí, ìwé burúkú tí ẹ fún mi níjọ́un, mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín. Oorun ò gbé mi rárá. Mo kà á mọ́jú. Mo sunkún, mo tún padà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n tó gbé e wá bú yín." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo fa bírò pupa yọ, mo kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n n kì í ráyè wá mọ́. Máṣíìnì ò jẹ́ kí n dìde. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa wá kà á fún wa níbí, kí ọwọ́ wa máa ṣiṣẹ́, kí etí wa máa gbọ́."

Bí Ìwé Ọjọ́bọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo máa ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, mo máa ń ka ìwé sókè. Nígbà tí ẹsẹ̀ pọ̀, a kó o bọ̀ sí iwájú láìbúrérì. Alfa ní àfi kó jẹ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì kí àwọn náà lè ráyè, a sì sún un síbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ dé, oníṣòwò dé, àwọn tí kò mọ̀wé kà rárá dé. Bí a bá dé ibi tó gbóná, màá pa ìwé dé, wọ́n á sì máa fi èpè ràn mí lọ sílé títí di Ọjọ́bọ̀ mìíràn. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń kún ibẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn díje ìtàn sísọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo wọlé tí mo rí i pé àga Ọ̀gá kò dojú kọ ogiri mọ́. Wọ́n dúró tì í, wọ́n mú akísà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń nù ún. Wọ́n ní, "Ẹni tó mọ ilé wọn ni kó jókòó síbẹ̀." N kò gbọ́ "o ṣeun" lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà, n kò sì gbọ́ ọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì tí wọ́n padà sí Ọ̀yọ́.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. A lo táípùràítà tó ń pariwo ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ náà dé. Kọ̀ǹpútà dé tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀rù òjò àti eruku ju ìwé lọ. Mo bẹ̀rù rẹ̀, kí n má parọ́. Ọmọbìnrin kan, Dámilọ́lá, ni wọ́n gbé wá ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mo ń dàgbà lọ, òun ló sì kó gbogbo káàdì wa sínú kọ̀ǹpútà. Ó fi hàn mí pé bí ẹnìkan bá ka ìwé yìí tán, ẹ̀rọ náà á dábàá ìwé mìíràn fún un. Mo ní, "Ó dára o. Ṣé ó mọ ojú ewé tí oorun ti gbé e?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo là á lóye, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó sì fi àyè kan kún un nínú ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lónìí, Dámilọ́lá máa ń ka Ìwé Ọjọ́bọ̀, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tí kò lè wá. Ìyá Rìsí ń gbọ́ tirẹ̀ lórí máṣíìnì, ó sì máa ń fi ohùn ránṣẹ́ padà láti bú ẹni tó ṣẹ ìyàwó inú ìtàn. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, Dámilọ́lá gbé àpótí onígi náà fún mi pẹ̀lú gbogbo káàdì inú rẹ̀. Ó ní ilé mi ló yẹ kí ó wà.

Lóṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láti kí Ọ̀gá. Ojú wọn ti lọ. Wọ́n jókòó síwájú ilé nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun alápá péńpé. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà," wọ́n dáhùn pé, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti fọwọ́?" A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti dáyé, èmi ni mò ń mú ìwé fún èèyàn. Kò sẹ́ni tó mú un fún mi rí. Ìwọ, mú ọ̀kan fún mi. Wàá kà á sí mi létí."

 Gbogbo ìwé tí mo mọ̀ sá kúrò lórí mi. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni mo rí. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. "Kí lẹ ti ń ṣe láti àárọ̀, sà?"

Wọ́n mọ ìbéèrè náà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, síbẹ̀ wọ́n dá mi lóhùn. "Mo jókòó. Ọmọ lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wọn lọ síléèwé. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lójú títì. Wọn kì í yà."

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè di Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, mo gbé àpótí onígi náà sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo fa káàdì àkọ́kọ́ yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka Bàbá Ògúndìran àti òkun tí kò rí rí. Mo ka ẹ̀yìn káàdì Alfa, Ọ̀gá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo ka Ìyá Rìsí. Wọ́n ní, "Ó padà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mò ń kà á lọ bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, èèyàn kan tẹ̀ lé èèyàn kan, nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń hanrun. Mo dákẹ́, mo jókòó tì wọ́n. Inú mi dùn gan-an bí mo ṣe ń wò wọ́n.

Ó ku káàdì òfìfo kan nídìí àpótí. Mo kọ orúkọ wọn sí i, mo sì ń dúró. Nígbà tí wọ́n jí, mo bi wọ́n, "Ibo loorun ti gbé yín, sà?"

Ọ̀gá Oyèdèjì nà tàntàn. "Oorun wo? Oorun ò gbé mi rárá."

Mo fa bírò pupa yọ, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.